Ẹjọ́ Oníbúrẹ́dì Tí A Dá Lágbàlá Bàbá

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé Àjíǹde, ni obìnrin aránṣọ náà wá jókòó síwájú tábìlì wa. Aago yẹn dá mi lójú, nítorí pé agogo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní Marina ti lu mẹ́wàá nígbà tí mo ń nu tábìlì, mo sì wo aago ọwọ́ mi kí n tó bi wọ́n pé kí ló gbé wọn wá. Ọdún náà ni ó tẹ̀lé èyí tí Ọbabìnrin ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó. Àwọn nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ sọ kò dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo fojú rí, n ó sọ pé mo rí i. Èyí tí wọ́n sọ fún mi, n ó sọ ẹni tó sọ ọ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn ni. Ìtàn ni mo kà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ni ọkàn mi fẹ́. Kò sí ibì kankan nílẹ̀ wa nígbà náà tí èèyàn ti lè kọ́ òfin títí yóò fi di lọ́yà. Ìlú ọba ni gbogbo wa ń wò. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ kò bá tíì là a máa bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àwọn olùkọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń di ẹ̀kọ́ sínú àpò ìwé, ọkọ̀ òkun á gbé e wá, a ó kà á, a ó dáhùn ìbéèrè, a ó sì dá a padà. Nígbà tí èsì bá fi máa dé, ẹlòmíràn á ti gbàgbé ohun tó kọ. Mo ń ṣiṣẹ́ tíṣà lọ́wọ́, mo sì ń dúró de ọkọ̀.

Àwa tí à ń ka òfin báyìí ní Erékùṣù Èkó kò pọ̀. Nílé ìwé kan nítòsí Igbóṣeré ni a ti ń pàdé nírọ̀lẹ́. A máa ń jiyàn, a máa ń bi ara wa ní ìbéèrè, nígbà mìíràn a kàn máa ń rojọ́ lásán. Ní àràárọ̀ Sátidé, a gbé tábìlì kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé náà fún ẹnikẹ́ni tí kóòtù bá fi sàmáǹsì ránṣẹ́ sí. A ó ka ìwé náà sí wọn létí ní Yorùbá, a ó sọ ọjọ́ tí wọ́n ní láti fara hàn àti kóòtù tó jẹ́, bí ẹ̀rù bá sì ń ba ẹni náà, ọ̀kan nínú wa á sìn ín dé ẹnu ọ̀nà kóòtù. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí a kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé àwa kì í ṣe lọ́yà.

Ọ̀rẹ́ mi tí àwa méjèèjì jọ máa ń jókòó sí tábìlì náà jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, akọ̀wé ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Igbóṣeré. Ó mọ ojú gbogbo akọ̀wé kóòtù, wọ́n sì mọ ohùn rẹ̀. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun kì í dákẹ́. Bí mo bá ní, "Àwa kì í ṣe lọ́yà o," òun á fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n a ti ra aṣọ dúdú."

Obìnrin aránṣọ náà kò mú sàmáǹsì kankan wá. Wọ́n gbé báàgì kékeré kan lé itan, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ lè gba ẹni tí wọn kò tíì pè lẹ́jọ́?"

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ìyá, irú wọn gan-an la fẹ́. Àwọn tí wọ́n ti pè ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rojọ́ wọn. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n, ilé bàbá wọn sì wà ní òpópónà kékeré kan lẹ́yìn ọjà Jàńkárà. Ìyàwó méjì ni bàbá náà fẹ́. Ìyáálé bí obìnrin yìí nìkan. Ìyàwó kejì bí mẹ́fà. Bàbá kú, àwọn ìyàwó méjèèjì náà sì ti kú. Yàrá mẹ́jọ ni ilé náà ní. Bí a bá pín in ní ìdí-igi, bí àṣà ti wí, ọ̀dọ̀ ìyá kọ̀ọ̀kan ni a ó fi pín in: yàrá mẹ́rin fún ọmọ ìyáálé, mẹ́rin fún àwọn mẹ́fà yòókù. Bí a bá sì pín in ní orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ni a ó kà, ọkùnrin tó dàgbà jù ni yóò sì kọ́kọ́ yan. Ọkùnrin náà ni àkọ́bí ìyàwó kejì. Káfíńtà ni, yàrá iwájú ló sì ń wò.

Yàrá iwájú yẹn ni obìnrin yìí ti ń ránṣọ láti ìgbà tí ìyá wọn ti wà láyé. Ó ní fèrèsé gbòòrò kan tó kọjú sí òpópónà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ wọn wà. Níbẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti ń na aṣọ sí wọn láti ìta, níbẹ̀ sì ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Yàrá tó kù tí wọ́n lè fún wọn bí wọ́n bá pín in ní orí-ò-jorí wà lẹ́yìn, ó fara ti ṣalańgá.

Wọ́n ní, "Ta ni yóò gbé léèsì wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣalańgá? Mi ò ní kí wọ́n fún mi ní yàrá mẹ́rin. Kí ni mo fẹ́ fi mẹ́rin ṣe? Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ó sì ti wà nílé ọkọ. Fèrèsé yẹn ni mo ń sọ."

Mo bi wọ́n pé kí ni olórí ẹbí wí. Ó ṣe pàtàkì, nítorí pé ohun tí mo ti kà kọ́ mi pé ìdí-igi ni ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìjà bá wọ ọ̀rọ̀ náà, olórí ẹbí lágbára láti ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí.

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Olórí ẹbí ò wí nǹkan kan. Ọdún kan àbọ̀ rèé. Bí wọ́n bá pe ìpàdé, bàbá á ní inú ń run òun. Gbogbo wa lọmọ wọn. Bí wọ́n bá là á síhìn-ín, ọ̀hún á bínú. Bí wọ́n bá là á sọ́hùn-ún, èmi á bínú. Bàbá ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú títí wọn ó fi kú."

Wọn kò dárúkọ bàbá náà, àwa náà kò sì béèrè. A sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì lọ sí kóòtù, kí wọ́n tún bẹ olórí ẹbí. Ìmọ̀ràn tí kò níye lórí ni, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń padà wá. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ Sátidé ni wọ́n máa ń kọjá, wọ́n á jókòó díẹ̀, wọ́n á máa rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù kan, wọ́n á sì máa gbọ́ ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi kan dé láti Ìbàdàn fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, a máa ń ṣe ìdíje àríyànjiyàn ní gbọ̀ngàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dùn mọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní kí a ṣe irú rẹ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ẹjọ́: àwa tí a ti Ìbàdàn wá ní apá kan, àwọn akọ̀wé tí wọ́n ń ka òfin láti Èkó ní apá kejì, kí lọ́yà gidi kan sì jókòó bí adájọ́. Ọ̀gá ọ̀rẹ́ mi gbà láti jókòó. Ó tún gbé ìwé òfin kan sílẹ̀ fún ẹ̀bùn, ìwé tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù.

Ọ̀rẹ́ mi ló kọ ẹjọ́ tí a máa rò. Ó kà á sí mi létí ní tábìlì wa ní Sátidé kan. Bàbá kan kú ní Láfíàjí, ó fi ìyàwó méjì sílẹ̀. Ọ̀kan bí ọmọbìnrin kan, ọ̀kan bí márùn-ún. Ọmọbìnrin náà ń ṣe búrẹ́dì, ààrò rẹ̀ sì wà nínú àgbàlá ilé náà. Àwọn márùn-ún fẹ́ pín in ní orí-ò-jorí kí ààrò lè bọ́ sọ́dọ̀ wọn.

Mo ní, "Ó jọ ọ́ jù."

Ó ní, "Ó jọ kí ni? Mo ti gbé e kúrò ní Jàńkárà lọ sí Láfíàjí. Mo ti sọ ẹ̀rọ di ààrò. Mo ti pa ọmọ kan kúrò nínú wọn."

"Síbẹ̀, ó jọ ọ́."

"Ọ̀rẹ́, nínú ilé tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, sọ ọ̀kan fún mi tí kò ní irú ẹjọ́ yìí. Bí mo bá wá ẹjọ́ tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni, ẹja nìkan ni yóò pe ẹja lẹ́jọ́."

Ohun tó sọ yìí kì í ṣe irọ́. Obìnrin aránṣọ jókòó sí ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí nígbà tó ń kà á. Wọ́n gbọ́ ọ. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa ẹjọ́ náà. Èyí mo rí.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọ̀gá ilé ìwé ní òun kò lè fún wa ní yàrá ńlá mọ́, nítorí pé àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó kan ti gbà á. A ń rò ó lórí tábìlì bóyá kí a sún ìdíje síwájú, nígbà tí obìnrin aránṣọ gbé ojú sókè láti inú iṣẹ́ wọn.

Wọ́n ní, "Àgbàlá ńlá kan wà ládùúgbò wa. Ti bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rí ní èbúté Marina. Bàbá fẹ́ràn àwọn ọmọ tó kàwé. Ẹ lọ bá wọn. Ẹ mú obì dání o."

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ṣé wọ́n á gbà?"

"Bí ẹ bá mú obì dání, kí ni wọn ò ní gbà?"

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ lọ ni. Àgbàlá náà gbòòrò lóòótọ́, igi ọsàn kan wà ní igun rẹ̀, ilé olókè tí àwọn àgùdà tó ti Bràsíìlì dé máa ń kọ́ ló yí i ká. Bàbá náà jókòó lórí àga pankẹ́rẹ́ kan, wọ́n dé fìlà, ojú wọn sì mọ́ ju ti ẹni ọjọ́ orí wọn lọ. A dọ̀bálẹ̀. A gbé obì kalẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló sọ̀rọ̀, ẹni tí kì í lè yá ohun kan láìjẹ́ pé ó fi àpọ́nlé kún un. Ó ní a fẹ́ yá àgbàlá; ó sì ní a kò lè wá sílé àgbà kí àgbà wá jókòó láàárín èrò, nítorí náà kí bàbá bá wa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́yà, kí wọ́n bá wa dá ẹjọ́ kan.

Bàbá béèrè pé, "Ẹjọ́ kí ni?"

Ó ní, "Ẹjọ́ ilé ni, bàbá. Ìdí-igi àti orí-ò-jorí. Ìdíje ni."

Bàbá wo obì náà pẹ́. Wọ́n ní, "Obì tí ẹ gbé wá kéré. Tí ọjọ́ bá pé, ẹ gbé púpọ̀ wá, kí gbogbo ẹni tó bá jókòó lè jẹ níbẹ̀." Bí ọ̀rẹ́ mi ti ń jáde, ó ní bàbá yìí mọ àlejò ṣe.

Ní ọjọ́ ìdíje, Sátidé ni, aago mẹ́rin ọ̀sán. A ṣẹ́ kèké kí a tó bẹ̀rẹ̀, orí-ò-jorí ló bọ́ sọ́wọ́ àwa ará Ìbàdàn. Èmi ni wọ́n sì yàn láti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Èrò wá ju bí a ti rò lọ: akọ̀wé, tíṣà, àwọn obìnrin tó ti ọjà Jàńkárà dé, àwọn ará àdúgbò tí wọn kò mọ̀ ju pé wọ́n fẹ́ ṣẹjọ́. Obìnrin aránṣọ wà lápá ọ̀tún. Lápá òsì, mo rí ọkùnrin kan tó wọ sòkòtò kákí, tó fi pẹ́ńsùlù lé etí bí àwọn káfíńtà ti máa ń ṣe. N kò mọ̀ ọ́n nígbà náà.

Lọ́yà kò dé. Ẹnì kan wá jíṣẹ́ pé ibà dá a gúnlẹ̀. Bàbá ní kí a má wulẹ̀ tú èrò ká, àwọn nìkan á jókòó bí adájọ́. Wọ́n gba obì, wọ́n wúre, wọ́n pa á, wọ́n sì ní kí a gbé e káàkiri. Ọ̀rẹ́ mi fúnra rẹ̀ ló gbé àwo náà kiri, ó ń ṣe àwàdà bó ti ń lọ. Mo rí i tí aránṣọ mú awẹ́ kan. Mo rí i tí ọkùnrin oníkákí mú awẹ́ kan.

Àwọn ará Èkó kọ́kọ́ rojọ́. Wọ́n ní ìdí-igi ni àwọn baba wa fi ń pín, kí ìyá tó bí ọ̀kan má baà dà bí ẹni tí kò bí rárá. Ọ̀rẹ́ mi pe bàbá ní "Mílọ́ọ̀dù," èrò sì rẹ́rìn-ín, obìnrin ọlọ́jà kan pariwo pé, "Mílọ́ọ̀dù tiwa ò dé wíìgì, fìlà ló dé!"

Nígbà tó kàn mí, mo dìde. N kò gbé ohùn sókè. Mo ní ọmọ ni bàbá bí, kò bí igi. Mo ní bí a bá ka orí márùn-ún mọ́ ìdajì ilé, tí a sì ka orí kan mọ́ ìdajì kejì, ẹni tó bá bèèrè pé kí ni àwọn márùn-ún náà ṣẹ̀ yóò ṣòro láti dá lóhùn. Mo ní àwọn baba wa kan náà ló fún olórí ẹbí lágbára láti yí i padà nígbà tí ìjà bá dé, àti pé agbára tí a kò bá lò nígbà ìjà, a kò mọ ìgbà tí a ó lò ó. Ọ̀rọ̀ náà dára. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀. Lápá òsì wọ́n pàtẹ́wọ́. Lápá ọ̀tún, ẹnì kan ní, "Lọ́yà kékeré, ṣé ìwọ ló kọ́ ilé náà ni?"

Bàbá gbé ọwọ́ sókè títí ariwo fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ̀rọ̀. Bí mo ti rántí rẹ̀ rèé, ọ̀rẹ́ mi sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni:

"Èyí tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló mọ ọ̀rọ̀ sọ jù. Ẹ fún un ní ìwé náà. Ó yàtọ̀ sí ilé. Ilé, ìdí-igi ni a ó fi pín in. Ọ̀dọ̀ ìyá méjì, ọ̀nà méjì. Ṣùgbọ́n obìnrin tó nìkan wà nínú yàrá mẹ́rin kò gbọ́dọ̀ ti mẹ́ta pa nígbà tí àwọn àbúrò rẹ̀ ń sùn lé ara wọn. Kí ó fún wọn gbé; ẹ̀tọ́ á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yàrá iwájú, èyí tó ní fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má bèèrè rẹ̀ mọ́."

Ọ̀rẹ́ mi yíjú sí mi. Nínú ẹjọ́ tí a kọ, kò sí yàrá iwájú. Kò sí fèrèsé.

Ọkùnrin oníkákí ti dìde. "Bàbá! Fèrèsé wo? Ààrò ni wọ́n ní. Oníbúrẹ́dì ni wọ́n ní!"

Bàbá ní, "Jókòó."

"Bàbá, eré ni wọ́n ń ṣe! Ìdíje ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń fi ẹnu ṣeré!"

Bàbá ní, "Àwọn ń ṣeré. Èmi kì í fi ọ̀rọ̀ ilé ṣeré. Wọ́n gbé obì wá, wọ́n ní kí n dá ẹjọ́. Mo pa obì. Ìwọ ò jẹ níbẹ̀?"

Obìnrin ọlọ́jà tó ti pariwo lẹ́ẹ̀kan ní, "Ó jẹ ẹ́ o! Ojú mi tó o. Awẹ́ ńlá ló tún mú!" Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà jáde. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé òun ni káfíńtà, àti pé olórí ẹbí tí inú máa ń run ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pèpàdé ni bàbá tó jókòó síwájú wa.

Wọ́n gbé ìwé tó nípọn náà fún mi. Mo dì í mú bí ẹni tó gbé ẹrù ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, káfíńtà wá sí tábìlì wa. Kò bínú bí mo ti rò. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì, àwọn ìka rẹ̀ kún fún àpá.

Ó ní, "Tíṣà, ìwọ ni mo wá bá. Ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó sọ irú rẹ̀ fún wa rí láti ìgbà tí ẹjọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bá mi sọ ọ́ ní kóòtù."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, n kì í ṣe lọ́yà."

"Bá lọ́yà sọ ọ́, kí ó bá mi sọ ọ́."

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ, kèké ló gbé e fún mi. Bí kèké bá bọ́ sódì kejì, òdìkejì rẹ̀ ni n ó sọ."

Ó wò mí. "Ṣé o sì máa sọ ọ́ dáadáa bẹ́ẹ̀?"

"N ó gbìyànjú."

Ó mi orí. "Iṣẹ́ yín yìí. Bí èmi bá kan àga, àga ni. N kì í kan án kó tún jẹ́ tábìlì nítorí pé wọ́n ṣẹ́ kèké." Lẹ́yìn náà ó bèèrè ohun tó gbé e wá gan-an: "Ohun tí bàbá sọ, ṣé ó dè wá?"

Mo ní n kò mọ̀, ṣùgbọ́n n ó wádìí. Ó ní kí n wádìí rẹ̀ láìgbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ó tún sọ nǹkan kan tí n kò gbàgbé: pé kì í ṣe pé òun kórìíra ẹ̀gbọ́n òun, pé níbi tí òun ti ń kan àga, nínú ọ̀nà tóóró lẹ́yìn ilé, ẹni tó bá ń kọjá ní òpópónà kò lè rí àga kankan. Òun náà, ìmọ́lẹ̀ àti ojú èrò ló ń wá. Títí di ọjọ́ yẹn, ẹnu ẹnì kan ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn.

Mo lọ bá lọ́yà tí ibà ti fi sílẹ̀. Nígbà tí mo rò ó tán, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Olórí ẹbí sọ̀rọ̀. Níwájú ẹbí ló ti sọ ọ́. Wọ́n jẹ obì lé e lórí. Ẹ lè pè é ní eré, ṣùgbọ́n bí mo bá wà lẹ́yìn káfíńtà, n ó ní kó lọ bẹ bàbá." Mo bèèrè ẹjọ́ tí ó gbé e lé. Ó ní òun kò ní ọ̀kankan, àti pé bí ọjọ́ bá pé tí èmi náà bá ní ọ́fíìsì, n ó mọ̀ pé ìmọ̀ràn yàtọ̀ sí ẹ̀rí. Mo wá gbogbo ìwé tí ọwọ́ mi lè tó, títí kan èyí tí mo gbà lẹ́bùn. N kò rí ibì kankan tí wọ́n ti sọ pé ìdájọ́ eré jẹ́ ìdájọ́ olórí ẹbí. N kò sì rí ibi tí wọ́n ti sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo sọ ohun méjèèjì fún káfíńtà bó ti rí. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Obìnrin aránṣọ ò wá sí tábìlì wa mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí wọn, wọ́n wà níbi ẹ̀rọ wọn, wọn kò gbé ojú sókè.

"Ẹ wá wò ó o, lọ́yà tó fẹ́ kó mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣalańgá."

Mo ní, "Ìyá, kèké ni."

"Mo gbọ́. Kèké ní ẹnu dídùn o." Wọ́n fi eyín já òwú. "Jókòó. Ṣé o ti jẹun?"

Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìta. Ohun kan ń dùn mí láti bèèrè, mo sì bèèrè rẹ̀. "Ìyá, nígbà tí ẹ ní kí a lọ bá bàbá, tí ẹ ní kí a mú obì dání, ṣé ẹ ti rò ó tẹ́lẹ̀?"

Wọ́n dá ẹ̀rọ dúró. "Kí ni mo rò? Ẹ ń wá àgbàlá, mo fi àgbàlá hàn yín. Ṣé ó burú kí ọmọdé mú obì dání bó bá ń lọ sọ́dọ̀ àgbà?"

"Kò burú."

"Ó dáa." Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀.

N kò lè fi ìyẹn sọ pé wọ́n gbèrò rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kà á. Wọ́n mọ ẹni tó ni àgbàlá. Wọ́n mọ̀ pé a kò mọ̀. Ohun mẹ́ta yìí dájú. Ohun tó so wọ́n pọ̀ nínú ọkàn wọn, èmi kò rí i. Bákan náà ni bàbá. Ọ̀rẹ́ mi gbà pé bàbá ti ń wá ọ̀nà láti sọ̀rọ̀ náà láìpe ìpàdé, àti pé nígbà tí àwọn ọmọ àjèjì gbé e wá bá wọn pẹ̀lú obì, ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó ṣeé ṣe. Ó sì ṣeé ṣe pé àgbàlagbà kan gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé tó jọ tirẹ̀, ahọ́n rẹ̀ sì yọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ahọ́n àgbà kì í yọ̀ lọ sí ibi tó tọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n n kò gbà fún un.

Ẹbí ṣe ìpàdé nígbà tí òjò ń lọ sópin. N kò sí níbẹ̀. Kò yẹ kí n wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹnì kan sọ fún òun pé káfíńtà lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan náà pé káfíńtà kò lọ rárá, ó ti lọ gba lọ́yà ní Igbóṣeré. Àwọn ìtàn méjèèjì kò lè jẹ́ òótọ́ pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé, bí ọ̀rẹ́ mi ti wí, ní Èkó èèyàn lè dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀ kó sì gba lọ́yà lọ́sàn-án. Mo wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri kóòtù ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá níbẹ̀, n kò rí orúkọ ilé náà. Ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́rìí ohun kan; mo lè máà kọjá ní ọjọ́ tó yẹ.

Lẹ́yìn náà ọ̀nà mi là. Ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí ọkọ̀ mi máa kúrò ní Àpápá, mo jáde lọ dágbére fún àwọn tí mo mọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọ̀sán ni, oòrùn ti yọ lẹ́yìn òjò, omi ṣì wà nínú gọ́tà. Mo gba ẹ̀yìn Jàńkárà, mo sì yà sí òpópónà náà.

Káfíńtà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ fèrèsé. Aṣọ ìró obìnrin kan, tó ní òdòdó pupa, ló ró mọ́ ìdí, pẹ́ńsùlù ṣì wà létí rẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó gbé ọwọ́ sókè kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo aṣọ náà.

Ó ní, "Má ṣe rẹ́rìn-ín. Sòkòtò ló ya."

Láti inú ilé, ohùn aránṣọ ní, "Jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Kó lọ sọ fún wọn ní ìlú ọba pé ẹni tó fẹ́ gba fèrèsé mi ń jókòó láìní sòkòtò lábẹ́ rẹ̀."

Káfíńtà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ránṣọ. Ẹ má rojọ́."

Wọn kò sọ fún mi bí wọ́n ti pín ilé náà, n kò sì bèèrè lọ́wọ́ wọn, nítorí pé àwọn méjèèjì wà níbẹ̀, àti pé èmi ti sọ̀rọ̀ tó nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Mo dágbére. Aránṣọ wúre fún mi láti inú ilé. Káfíńtà wúre fún mi láti orí bẹ́ǹṣì. Àga tuntun méjì, tí wọn kò tíì kùn, dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ní ojú òpópónà; n kò lè sọ bóyá títà ni wọ́n wà fún tàbí wọ́n kàn gbé wọn sá sóòrùn. Fèrèsé náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀rọ náà wà nínú rẹ̀, sòkòtò kákí kan sì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́.